Ìdílé méje ń sùn sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣágámù. Báwo la ṣe máa rílé fún wọn?

Tíṣà Mákun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìjì tó jà nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ló ṣí òrùlé ilé àtijọ́ kan ládùúgbò wa, ilé gígùn oníyàrá mẹ́wàá. Omi mu ògiri amọ̀ rẹ̀, apá kan wó. Àwọn ọmọ olóògbé tó nilé ní àwọn ò tún un ṣe mọ́, àwọn fẹ́ tà á. Bí ìdílé méje ṣe dèrò gbọ̀ngàn nìyẹn.

Méjì nínú àwọn ọmọ wọn wà ní kíláàsì mi. Ọ̀kan máa ń sùn lórí tábìlì kí aago mẹ́sàn-án tó lù, èéfín sì máa ń rùn lára yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá òun ń dáná lóun ń sùn, torí ibẹ̀ lẹ̀fọn ò ti pọ̀.

Àwọn èèyàn ṣàánú o, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Mọ́ṣáláṣí gbé ìrẹsì wá, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ gbé mátírẹ́ẹ̀sì mẹ́rin wá, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá kọ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Alága àdúgbò náà ní ìwé tirẹ̀. Mo gba àwọn ìwé náà wò. Orúkọ ìyá àgbà kan wà nínú mẹ́ta, ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ò sí nínú ìkankan, torí ọsibítù ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́. Ìrẹsì wà nílẹ̀, yàrá ni kò sí. Ìkórè sì ń bọ̀, ìjọ máa gba gbọ̀ngàn wọn. Ta ló ti ṣe irú èyí rí?

Bàbá Wẹ́fíà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, o káre. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe fẹ̀yìntì. Ìwé kan ṣoṣo ni kí gbogbo yín máa kọ orúkọ sí, kó wà lọ́wọ́ ìwọ tíṣà. Bó bá wà lọ́wọ́ pásítọ̀, àwọn mùsùlùmí á rò pé ti ìjọ ni. Bó bá wà lọ́wọ́ olóṣèlú, ìyẹn burú jù.

Bi ìdílé kọ̀ọ̀kan pé: kí ni wọ́n ń ṣe jẹun, èló ni wọ́n lè dá lóṣù, ta ló ń ṣàìsàn, ibo ni ilé ẹbí wọn wà? Àmọ́ má fi tipá dá ẹnikẹ́ni padà sílé ẹbí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún opó kan rí, ìjà ogún ń lọ lórí yàrá ọ̀hún, ọ̀sẹ̀ méjì ló lò kó tó padà síta pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. N kò bi í kí n tó gbé e lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Àgbàtán là ń gbọ̀lẹ, bí a bá dáṣọ fún un, à pa á láró. Kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni wọ́n o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdajì owó ilé ò lè ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ parí ti ìdílé kan, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí èkejì.

Ajẹ́ńtì Sábó

Àǹtí tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu onílé. Ẹ̀rù owó ọdún kejì ló ń bà wọ́n: bí kò bá wá, ta ni wọn yóò mú? Bí ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí bá fọwọ́ ṣe onídùúró, tí ẹ sì san owó sí onílé lọ́wọ́ gba rìsíìtì, ọ̀pọ̀ á gbà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ilé tí wọn ò parí pọ̀ níbí: ògiri ti dúró, òrùlé wà, kò sí fèrèsé, kò sí sílíìnì. Ẹ bá onílé sọ ọ́, kẹ́ ẹ bá a parí yàrá, kó yọ iye tẹ́ ẹ ná kúrò nínú owó ilé. Àwọn tó ń gbé ìrẹsì wá lè gbé pákó wá. Ti ìdílé méjì àkọ́kọ́, n kò ní gba owó ajẹ́ńtì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ní Houston

Nọ́ọ̀sì ni mí níbí, ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2011, iye àwọn tí kò nílé ní Houston ti dín ju ìdajì lọ. Ìwé kan tí Bàbá sọ yẹn gan-an ni: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fohùn ṣọ̀kan, ilẹ̀kùn yòówù kẹ́ ẹ kàn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa bi yín, inú àkọsílẹ̀ kan náà lorúkọ yín máa wọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bíbá onílé sọ̀rọ̀ lorúkọ gbogbo ẹgbẹ́ ni iṣẹ́ wọn.

Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní McKinney-Vento, ti ọdún 1987, sì wà níbí fáwọn ọmọ ilé ìwé. Ọmọ tí wọ́n pàdánù ilé tó wá ń há mọ́ ọ̀dọ̀ ìbátan, aláìnílé ni níwájú òfin náà, ó sì lè dúró sílé ìwé tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wádìí o, tíṣà. Ó lè jẹ́ pé gbogbo wọn kọ́ ló wà ní gbọ̀ngàn.

Tíṣà Mákun

Ẹ̀gbọ́n mi ti Houston, òótọ́ lẹ sọ. Mo rí ìdílé méjì sí i, ọ̀kan ń sùn sínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Mẹ́sàn-án ni wọ́n báyìí.

A ti pàdé lọ́jọ́ Sátidé ní kíláàsì mi, lórí àga àwọn ọmọdé, Bàbá àlùfáà mọ́ṣáláṣí àti pásítọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìwé kan la fi sílẹ̀, wọ́n ya àwọn tó kù níwájú mi. Ajẹ́ńtì mú wa lọ wo yàrá méjì lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́ tí kò ní fèrèsé. Kápẹ́ńtà láti mọ́ṣáláṣí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá, pákó ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ ló ń lò. Obìnrin ọlọ́mọ tuntun ni yóò kọ́kọ́ wọlé.

Ìyá àgbà ló ṣòro. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn, wọn ò sì lè jìnnà sí ọsibítù. Ẹni tó bá mọ yàrá kan nísàlẹ̀, ní Ọ̀fin tàbí Sábó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.