Àbọ̀ ọ̀rọ̀ skóòpù mi: ó ti jókòó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo béèrè ìdí tí òrùka skóòpù (irin tó ń di awò ìfojúsùn mú mọ́ orí ìbọn) tí mo rà fi kọ̀ láti dúró lórí ìbọn semi-automatic àlòkù tí mo fi ń dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní Texas níbí.

Òótọ́ lẹni tó ní kí n fi kálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n, wọn kòtò réèlì náà (irin oníkòtò orí ìbọn tí òrùka ń jókòó sí) sọ. Réèlì oríṣi Picatinny ni mo pè é; àṣé oríṣi Weaver ni! Kòtò Picatinny fẹ̀ tó mìlímítà 5.23, ti Weaver jẹ́ 4.57. Irin ìdábùú abẹ́ òrùka mi kàn gun etí kòtò ni, èmi sì ń fi gbogbo agbára dè síkúrúù. Òrùka mìlímítà 30 ni mo tún rà fún skóòpù tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 25.4. Ìyàwó mi ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo dá a padà, mo gba ti Weaver. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún ní yáàdì 100. Mẹ́rin bà síbi tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ìkarùn-ún, ọwọ́ mi ló gbọ̀n.

Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè mi ti parí.