"Yanjú" kọ́, "júwe" ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Mo ka àbá ìtumọ̀ Yorùbá tí ẹ mú wá fún ètò tí a fi ń gbé Debian, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí kọ̀ǹpútà: hostname, orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́, di "orúkọ olùgbàlejò", resolve, kí kọ̀ǹpútà fi orúkọ wá nọ́ńbà, di "yanjú". Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ẹni tí àlejò wọ̀ sí lọ́dọ̀ ni olùgbàlejò. Kọ̀ǹpútà tí kò gba ẹnikẹ́ni lálejò rí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ. "Orúkọ kọ̀ǹpútà" ti tó. Kí ẹ sì fi kún un pé kò gbọdọ̀ ní àmì ohùn, kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 63 lọ. Ẹni tó bá kọ àdùkẹ́, wọ́n á dá a padà. Aduke ni kó kọ.

"Yanjú" ló ká mi lára jù. Ìjà là ń yanjú, ọ̀ràn là ń yanjú. Níbí, kọ̀ǹpútà gbọ́ orúkọ ni, ó wá ń wá nọ́ńbà ibi tó wà. Bí a bá dé àdúgbò tí a ò mọ̀, ṣebí ohun tí à ń sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ilé Ìyá Alákàrà fún mi." Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ wo ìwé inú ilé, ìyẹn /etc/hosts; bí kò bá rí i níbẹ̀, á jáde lọ bi ajúwe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní, tí nọ́ńbà tirẹ̀ wà nínú /etc/resolv.conf. Kí Paul Mockapetris tó gbé DNS, ètò àwọn ajúwe yìí, jáde ní 1983, ìwé kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ni gbogbo ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yí orúkọ kọ̀ǹpútà mi padà nínú /etc/hostname, mo gbàgbé láti yí i padà ní ìlà 127.0.1.1, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀, nínú /etc/hosts. Gbogbo ìgbà tí mo bá pe sudo, àṣẹ tí a fi ń ṣiṣẹ́ bí alábòójútó kọ̀ǹpútà, ló ń sọ pé "unable to resolve host". Bí a bá kọ ọ́ ní "kò lè yanjú olùgbàlejò", ta ni yóò mọ̀ pé ìlà kan ló kù nínú ìwé? Ṣùgbọ́n "kò rí ibi tí wọ́n júwe kọ̀ǹpútà yìí sí" á darí ọwọ́ rẹ̀ síbi ìwé náà.

Ẹnì kan ní "júwe" á dà pọ̀ mọ́ àpèjúwe. Àpèjúwe ń sọ bí nǹkan ṣe rí. Ẹni tó júwe ilé ń sọ ibi tó wà. "Júwe" sì tún ràn wá lọ́wọ́ síbòmíràn, nínú iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́ fún wa nígbà tí kò bá rí nọ́ńbà: "kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yìí" yàtọ̀ sí "ajúwe kò tíì dáhùn". Ti àkọ́kọ́, kí èèyàn tún orúkọ tó tẹ̀ wò. Ti èkejì, kó wo bóyá íntánẹ́ẹ̀tì wà.