Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀?

Abíọ́lá: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Èmi ni mò ń bójú tó ètò ìwádìí ìyípadà ojú ọjọ́ ní yunifásítì kan. Èmi ni mò ń ṣètò owó, èmi náà ni mò ń sáré físà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ sí Jámánì. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, èmi ni mo lọ yọ ewé jíjẹrà àti òkú kòkòrò nínú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn òjò lóko, torí ẹni tó ń kà á ní aago 9 àárọ̀ ti bínú lọ, wọn ò sanwó rẹ̀. Síbẹ̀, tí àbájáde ìwádìí bá jáde, ẹ ò ní rí orúkọ mi. Ọ̀gá tún pè mí ní akọ̀wé lójú àlejò. Ṣé kí n máa lọ ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Irú ẹ̀ ṣe mí nílé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ṣe wàhálà, ẹlòmíì ló gba ẹ̀bùn. Iṣẹ́ ò sí níta o, má lọ.

Bọ̀dé: Ẹ wá ibòmíì kẹ́ ẹ tó kúrò. WASCAL, àjọ ìwádìí ìyípadà ojú ọjọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Jámánì ń náwó sí, ní ètò ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì FUTA l'Ákùúrẹ́, èyí tó jẹ mọ́ omi wà ní Abomey-Calavi ní Benin, Lomé ní Tógò náà ní tiwọn. Ẹ tún wo WARIMA, ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó ìwádìí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó ń sunkún lo ń ka orúkọ ẹgbẹ́ fún?

Bọ̀dé: Ìmọ̀ràn ló béèrè, mà.

Alàgbà Olú: Abíọ́lá, ta ló ń fọwọ́ sí ìròyìn ìnáwó yín?

Abíọ́lá: Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Bọ̀dé, mo ti ń wáṣẹ́. Alàgbà, èmi ni, sà. Ọ̀gá ti fi owó àwọn tó ń ka òjò ra epo díísù sí ẹ̀rọ amúnáwá ẹ̀ka wa, wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé dátà la fi kó jọ. Àwọn ọ́dítọ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Àmọ́ ọ̀gá ló gbà mí síṣẹ́, mi ò fẹ́ bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

Alàgbà Olú: Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn! Má fọwọ́ sí i. Owó tí wọ́n bá ná sí nǹkan mìíràn láìgbàṣẹ, àwọn tó gbé e kalẹ̀ lè ní kí yunifásítì dá a padà, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ pè. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ lónìí, pé kẹ́ ẹ jọ ṣàlàyé fún àwọn tó gbé owó kalẹ̀ kí ọ́dítọ̀ tó dé. Fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìṣúná. Tó o bá kúrò báyìí, ìwọ ni wọ́n máa di ẹ̀bi rù.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Sá kúrò níbẹ̀ o!

Bọ̀dé: Mà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó má lọ ni.

Abíọ́lá: Rìsíìtì epo yẹn wà lọ́wọ́ mi. Mo máa kọ lẹ́tà náà, sà. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ rí ọ̀gá lójúkojú ná, kí n tó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbì kankan.

Alàgbà Olú: Mú lẹ́tà náà dání tó o bá ń lọ, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á.