Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: lẹ́tà ìparí ọdún kọ̀, kò jáde lọ́wọ́ mi

Ọmọ Ṣakí
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ìmúra ọdún. Ó pẹ́ tí mo ti wà láàárín yín, kíkà ni mo máa ń kà, n kì í sọ̀rọ̀. Tòní ti kọjá kíkà.

Ẹni ọdún 27 ni mí, mi ò tíì láya. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló rán mi níṣẹ́ míṣọ́nárì lọ sí Mozambique. Dondo ni mò ń gbé, ìlú kan tí kò jìnnà sí Beira, níbi tí rélùwéè ń gbà kọjá. Kérésì kẹta mi rèé. Ti àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wa àgbà àti ìdílé wọn ni mo ti ṣe é. Ti 2024, rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìbò ló gba ìlú kan, a ò lè jáde, ṣùgbọ́n a jọ wà nínú ilé, à ń ta lúdò. Lọ́dún yìí pásítọ̀ àti ìdílé wọn ti kó padà sí Nàìjíríà nítorí àìlera màmá wọn. Ó wá ku èmi nìkan. Owó bàálù lóṣù Kejìlá, ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Aago márùn-ún ìdájí, oòrùn ti yọ. Ooru ni wọ́n fi ń ṣe Kérésì níbí, òjò sì ń bá a rìn. Kò sí ọyẹ́, kò sẹ́ni tí ètè ń bó. Máńgòrò ló wà nígbà rẹ̀. Tí mo bá sọ fún màmá mi pé mò ń jẹ máńgòrò lóṣù Kejìlá, wọ́n á ní irọ́ ni. Màá pọnmi, màá koná èédú, màá ka Bíbélì, màá wá jókòó ti èdè. Potogí ti ń yọ̀ lẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀, àmọ́ Sena ni àwọn ìyá àgbà ń sọ, òun ló sì ń fìyà jẹ mí. Lọ́sàn-án màá lọ kí àwọn ará ìjọ nílé. Bó bá jìnnà, màá wọ ṣápà, dánfó tiwọn nìyẹn, ẹni márùn-ún lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, àwọn akọrin á péjọ lábẹ́ páànù tuntun tí a fi rọ́pò èyí tí ìjì Idai ṣí lọ lóṣù Kẹta ọdún 2019. Kò sí dùùrù, ohùn mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọrin, ara mi á sì bù máṣọ.

Ìgbà tí wọ́n bá túká ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ilé á dákẹ́. Mo máa ń ṣí rédíò sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sunkún lóṣù yìí, èmi ọkùnrin tí wọ́n gbàdúrà lé lórí níwájú gbogbo ìjọ kó tó wọkọ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni wọ́n ti ń béèrè ọdún lọ́wọ́ mi. "Festas" ni wọ́n ń pè é: ọmọ tó ń gbowó ọkọ̀, ẹni tó ń ta èédú, ọlọ́dẹ, bí a ṣe ń sọ "ọdún mi dà?" nílé gẹ́lẹ́. Wọ́n rò pé àlejò tó wọ bàálù wá ní láti lówó. Náírà ni owó tí ìjọ nílé ń dá jọ fún mi. Nígbà tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan ò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Lọ́dún 2025 ó ti lé ní 1,400. Wọn ò dín kọ́bọ̀ kù, Ọlọ́run ló mọ bí wọ́n ṣe ń rí i, ṣùgbọ́n kó tó di metical, owó ibí, ó ti yọ́.

Dia da Família, Ọjọ́ Ẹbí, ni orúkọ tí ìjọba ibí fún ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Bí ìsìn bá ti parí, kálukú á gba ilé ẹbí rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà tó múlé ti mi, Vovó là ń pè wọ́n, ní kí n wá jẹun. Mo ní mo níṣẹ́.

Lẹ́tà àdúrà ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mò ń kọ ọ́ sí àwọn tó ń ràn mí lọ́wọ́, ìwé ọwọ́ ni wọ́n fẹ́, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ti oṣù Kejìlá ni wọ́n ń kà sétí ìjọ kí wọ́n tó ṣèlérí owó ọdún tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fà á ya. Àwọn tí mo ti kọ sẹ́yìn, "iṣẹ́ ń tẹ̀síwájú, ayọ̀ pọ̀" ló kún inú wọn. Ẹni mẹ́ta la rì bọmi lọ́dún yìí, ọ̀kan ti lọ wáṣẹ́ ní Beira, a ò rí i mọ́. Ṣé kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, àbí kí n máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ bọ̀?

Ìyá Ìbejì
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ṣé o jẹun lónìí? Dáhùn ìyẹn ná ká tó dórí lẹ́tà.

Ọmọ Ṣakí
Mo jẹun, mà. Ṣíma ni, ó dà bíi túwó àgbàdo, pẹ̀lú matapa: ewé pákí tí wọ́n gún, tí wọ́n fi ẹ̀pà àti àgbọn sè. Èmi ni mo sè é. Kò sí àgbọn nínú tèmi torí mi ò mọ̀ ọ́n rin.

Akápò
Àbúrò, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ akápò nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn bíi tìrẹ. Bí lẹ́tà ẹlẹ́kún bá dé, àwọn ìyá ìjọ á sunkún, wọ́n á dáwó. Ìgbìmọ̀ á wá wọ yàrá lọ, wọ́n á ní "ẹ jẹ́ ká pe ọmọ yìí wálé kí nǹkan tó yíwọ́". Ojú mi ló ṣe. Kọ àwọn mẹ́ta tí ẹ rì bọmi, kọ èyí tó lọ náà. Kọ ọ̀rọ̀ náírà àti dọ́là kedere, kí o fi iye metical tó ń dé ọwọ́ rẹ hàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé ohun tí owó yẹn ń rà ti dín kù tó bẹ́ẹ̀. Ẹkún òru, wá ẹnì kan tí o lè sọ ọ́ fún. Má gbé e ka iwájú gbogbo ìjọ.

Ará Peckham
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò bá akápò lọ. Irú lẹ́tà yẹn ni gbogbo àwa tí a wà lẹ́yìn odi ń kọ sílé, kì í ṣe míṣọ́nárì nìkan. Fọ́tò kóòtù, fọ́tò yìnyín. Ní London níbí, lọ́jọ́ Kérésì, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí rélùwéè. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni mò ń fi rìn ín, wákàtí kan àti ààbọ̀ ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀. Ó di ọdún kẹfà kí n tó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí. Wọ́n ní, "A kúkú mọ̀. Ṣé a ò gbọ́ ohùn rẹ ni?"

Ọmọ Kúdẹtì
Ẹ jẹ́ kí n ti ìtàn bọ̀ ọ́ díẹ̀. Anna Hinderer, míṣọ́nárì ará Gẹ̀ẹ́sì, kò tíì pé ẹni ọdún 30 nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ wá ń gbé Ìbàdàn ní 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860 tí ọ̀nà etí òkun dí, owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn, ẹrù ilé ni wọ́n ń tà jẹun. Obìnrin yìí kọ ebi náà sílẹ̀, ó kọ àìsàn sílẹ̀. Lójú tèmi, ibi tó ti ń kọ nípa ebi yẹn gan-an ni mo ti gbà pé ó bá wa gbé.

Akápò
Òun ò ní ìgbìmọ̀ tó ń ka lẹ́tà rẹ̀.

Ọmọ Kúdẹtì
Wọ́n ní in, sà. CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì tó rán wọn wá.

Àgbà Maradi
Ìjà lẹ́tà lẹ̀ ń jà. Ẹ padà sókè, kí ẹ tún ohun tí ọmọ yìí kọ kà. Ìyá àgbà kan ní kó wá jẹun lọ́jọ́ ọdún, ó ní òun níṣẹ́. Iṣẹ́ wo?

Àbúrò, ọdún 11 ni mo lò ní Maradi, ní Niger. Iléyá àkọ́kọ́ tó bá mi níbẹ̀, ọkùnrin tó ń tajà níwájú ilé mi gbé itan àgbò wá fún mi. Mo dá a padà. Mo ní ìdí tèmi, mo tilẹ̀ rò pé mo fọgbọ́n ṣe é. Kò bá mi jà. Kò kàn wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi nírọ̀lẹ́ mọ́ ni, bẹ́ẹ̀ òun ló ń kọ́ mi ní Hausa tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì gbáko. Ibà ló bá wa parí rẹ̀: ó dá mi wó lóru ọjọ́ kan, ọkùnrin yìí ló gbé mi sórí alùpùpù lọ sílé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà ló ti bi mí pé kí lòun fi ṣẹ̀ mí.

Ìwọ ń ráhùn pé gbogbo ìlú ń béèrè ọdún lọ́wọ́ rẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ fún ọ lọ́dún, o lé e padà.

Ọmọ Ṣakí
Ìtìjú ni, sà. Ọwọ́ mi ṣófo. Ẹja gbígbẹ ni Vovó ń tà, ọmọ-ọmọ mẹ́fà ni wọ́n ń bọ́. Ṣé èmi náà ni kí n tún lọ bù nínú rẹ̀?

Àgbà Maradi
Wọ́n ti ka àwọn ọmọ-ọmọ wọn kí wọ́n tó pè ọ́. Ra ọṣẹ ìfọṣọ kan àti ṣúgà díẹ̀. Má lọ lásìkò oúnjẹ, àlejò ló ń dé lásìkò oúnjẹ. Ìdájí ni kí o lọ, kí o ní kí wọ́n fún ọ níṣẹ́.

Tèmi Tán
Bọ̀dá, ẹ lọ gba ọdún tiyín jàre.

Ìyá Ìbejì
Bí o bá ti débẹ̀, pe ìyá rẹ lórí fóònù kí wọ́n gbọ́ ariwo.

Ọmọ Ṣakí
Ọjọ́ 26. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

Mo lọ. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́fà, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Vovó pẹ̀lú ọṣẹ àti ṣúgà. Wọ́n wo ṣúgà, wọ́n wò mí, wọ́n fẹsẹ̀ ti àpótí pẹlẹbẹ kan sí mi, èyí tí irin eléyín yọ níwájú rẹ̀, wọ́n kó àgbọn márùn-ún tì í. Bí wọ́n ṣe ń rin àgbọn níbí nìyẹn: èèyàn á jókòó lé àpótí, á máa yí awẹ́ àgbọn lórí irin. Àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò yí mi ká, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ní Sena. Ó yà mí lẹ́nu pé mo gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Nídìí àgbọn kẹta, irin bù mí ní àtàǹpàkò ọ̀tún. Vovó ya etí kápúlánà, ìró tí wọ́n ró, wọ́n fi dì í, wọ́n sì na ọwọ́ sí àgbọn méjì tó kù.

Lẹ́yìn ìsìn mo padà síbẹ̀, ilẹ̀ ṣú mi síbẹ̀. Màmá mi gbọ́ ariwo lórí fóònù, wọ́n ní ṣé ìgbéyàwó ni.

Mo kọ lẹ́tà náà lóru àná, ojú ewé kan péré. Ọ̀rọ̀ dọ́là wà níbẹ̀, akápò, ẹ ṣé, sà. Ẹni tó lọ sí Beira wà níbẹ̀. Bí alẹ́ ṣe ń rí fún mi, ìlà méjì ni mo fún un. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: "Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ẹ foríjì mí bí ìwé ọwọ́ mi bá wọ́, àtàǹpàkò ló ń dùn mí."