Ìbéèrè ìmọ̀ràn: mítà orí tábìlì tí mo ń fi kọ̀ǹpútà pàṣẹ fún kì í dáhùn déédéé

Onísólà Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ínfátà àti bátìrì sólà ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn níbí, àwọn oníbàárà sì sábà máa ń gbé bátìrì wá pé kì í gbé iná mọ́jú mọ́. Kí n lè mọ èyí tí ó ti kú nínú wọn, mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi máa béèrè iye fólítì lọ́wọ́ mítà orí tábìlì láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, nígbà tí bátìrì bá ń tan gílóòbù, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. RS-232 (ojú ihò àtijọ́ tí a fi ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà) ni mítà náà ní lẹ́yìn. Okùn USB tí mo rà ní Queen Cinema ni mo fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, Python ni mo sì fi kọ ètò rẹ̀. Bí mo bá fi *IDN? ránṣẹ́, ó ń dárúkọ ara rẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo bá ti fi SYST:REM (àṣẹ tí ó ń fi mítà sábẹ́ kọ̀ǹpútà) sí i, tí mo wá ń fi MEAS:VOLT:DC? 10 (ìbéèrè iye fólítì) ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a máa fo àwọn kan, a sì máa ké pìì. Bí mo bá fi SYST:ERR? béèrè àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀, -410 ni ó ń sọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, +9.90000000E+37 ni ó ń dá padà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mítà ni ó bàjẹ́ ni, àbí okùn?

Olùkọ́ Físíìsì, Apẹ́tẹ́
Kò sí èyí tí ó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Bí okùn bá bàjẹ́ pátápátá, mítà kò ní dá *IDN? lóhùn rárá. Ohun tí -410 túmọ̀ sí ni pé ìbéèrè tuntun wọlé nígbà tí ìdáhùn ti àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà á, bí ẹni tí ó ń bi àgbà ní ọ̀rọ̀ kejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo àṣẹ tí ó bá ní àmì ìbéèrè nídìí ni ẹ gbọ́dọ̀ ka ìdáhùn rẹ̀ tán kí ẹ tó fi òmíràn ránṣẹ́.

Ọmọ Bódìjà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn fi time.sleep(2) sí àárín wọn, kí ètò sùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Olùkọ́ Físíìsì, Apẹ́tẹ́
Àbúrò, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Sísùn kì í ka ìdáhùn. Ó kàn ń jẹ́ kí àṣìṣe náà pẹ́ kí ó tó farahàn ni. Kí ètò yín máa kà títí yóò fi rí àmì òpin ìlà, kí ó tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ tún yé lo MEAS? fún iṣẹ́ alẹ́ mọ́jú, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó ni ó ń tún mítà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń pa ètò tí ẹ ti ṣe sí i rẹ́. Ẹ fi CONF:VOLT:DC tò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá máa fi READ? béèrè lẹ́yìn náà. Nígbà náà ni ẹ lè fi VOLT:DC:NPLC (iye ìyípo iná tí mítà yóò fi wọn nǹkan) yan bí yóò ṣe pẹ́ tó lórí iye kan. Iná tiwa níbí jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìyípo àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà NPLC kan jẹ́ ìdá kan nínú àádọ́ta ti ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá gbé e sí 100, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni iye kan yóò gbà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí mítà bá tún ń wọn òdo ara rẹ̀ kí ó lè yọ àṣìṣe tirẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ bátìrì kò nílò ju 10 lọ.

Bàbá Onímítà, Òkè-Àdó
Ẹ kò tíì fọwọ́ kan ti +9.90000000E+37. Iye náà kì í ṣe fólítì. Bí mítà ṣe ń sọ pé ohun tí a gbé síwájú òun ti ju réǹjì (ìwọ̀n tí a tò ó sí) lọ nìyẹn. Réǹjì 10 ni ẹ kọ sínú àṣẹ yín, ọ̀pọ̀ mítà orí tábìlì kì í sì í kọjá fólítì 12 lórí réǹjì yẹn. Bátìrì olójé onífólítì 12 tí ó kún tí kò gbé ẹrù wà ní nǹkan bíi fólítì 12.6, sólà a sì máa tì í kọjá 14. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí bátìrì bá ti rọ̀ díẹ̀ ni iye gidi tó ń wọlé. CONF:VOLT:DC 100 ni kí ẹ kọ. Ẹ dúpẹ́ pé ayé SCPI (èdè àṣẹ kan náà tí ẹ fi ń bá mítà yín sọ̀rọ̀ yìí) ni ẹ bá: kí ó tó jáde ní 1990, kálukú ilé-iṣẹ́ ni ó ní àṣẹ tirẹ̀, bí ẹ bá pààrọ̀ mítà, ẹ ó tún ètò kọ pátápátá. Àwọn àṣẹ tí ó ní àmì ìràwọ̀ níwájú bíi *IDN? ti ṣáájú díẹ̀, wọ́n wá láti inú ìlànà IEEE 488.2 ti 1987.

Onísólà Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá. Mo ti yí i sí 100, mo sì ń fi READ? béèrè, -410 kò wá mọ́. Ó wá ku ti iná ìjọba. Bí wọ́n bá mú un lọ lóru tí wọ́n sì dá a padà, kí ni kí ètò mi ṣe?

Olùkọ́ Físíìsì, Apẹ́tẹ́
Mítà yóò ti padà sí bí ó ṣe wà kí ẹ tó tò ó. Bí ìdáhùn kò bá dé lásìkò, kí ètò yín bẹ̀rẹ̀ láti SYST:REM, kí ó fi *CLS nu àṣìṣe àtijọ́, kí ó tún CONF àti NPLC rán. Kí ó sì máa kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè rí ibi tí iná ti lọ.

Bàbá Onímítà, Òkè-Àdó
Èyí tó sàn jù ni kí ẹ gbé mítà àti kọ̀ǹpútà sórí ínfátà mìíràn. Ẹ má fi bátìrì tí ẹ ń dán wò gbé wọn o, nítorí pé ẹrù wọn yóò wọ inú iye tí ẹ ń kọ sílẹ̀.