Ọmọ ajá Whippet nínú ilé tí gbogbo èèyàn ń jáde lọ síbi iṣẹ́

Láti Tánkẹ̀, Ìlọrin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin alájá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ Whippet wálé, ìran ajá ọdẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn, kó tó ka owó, kó kọ́kọ́ ka wákàtí. Láti aago méje àbọ̀ tí ẹ ó ti jáde títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ta ló máa ṣí ilẹ̀kùn fún un? Ọmọ ajá olóṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju wákàtí mẹ́ta lọ, olóṣù mẹ́ta kò sì lè kọjá mẹ́rin. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àbọ̀, kó tún wọlé ní aago kan àbọ̀. Ó lè jẹ́ ìyá tó ń tajà níwájú ilé, ó lè jẹ́ ọmọ aládùúgbò tó ti jáde ilé ìwé tó ń dúró de JAMB. Ẹ bá a dá iye tí ẹ ó máa fún un kí ẹ tó lọ gbé ajá. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ dúró títí ẹ ó fi gba ìsinmi, tàbí kí ẹ wá èyí tó ti pé oṣù mẹ́fà.

Iṣẹ́ ẹni tó bá wọlé kò pọ̀. Kó gbé e lọ sórí koríko, ibì kan náà lójoojúmọ́, kó má bá a ṣeré títí yóò fi tọ̀, kó sì yìn ín lójú ẹsẹ̀. Kó fún un lóúnjẹ. Kó tún gbé e jáde lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ìgbẹ́ kì í pẹ́ tẹ̀lé oúnjẹ lára ọmọ ajá. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun ló kù. Ọmọ Whippet lè sun wákàtí 18 lójúmọ́, ohun tó mú un bá ilé oníṣẹ́ mu nìyẹn. Ìdáwà ni kò lè fara dà. Kì í ṣe ajá tí à ń so mọ́ ìdí gíéètì. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, á máa hu, á máa jẹ ilẹ̀kùn, á máa lá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí yóò fi di egbò.

Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ajá láti dá wà. Ọjọ́ kìíní, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má kí i. Lẹ́yìn náà ẹ sún un sí ìṣẹ́jú 5, ó di 15, ó di 30, ó di wákàtí kan. Tó bá ti ń ké kí ẹ tó padà, ẹ ti yára jù: ẹ padà sí iye ìṣẹ́jú tó gbà láìké. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì, òun ló fi yẹ kí ìsinmi yín bọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn.

Káfíńtà lè kan ọgbà kékeré sínú pálọ̀: 120 cm níbùú, 120 cm lóròó, mítà kan ní gíga. Kí àlàfo láàárín igi méjì má ju 4 cm lọ, torí orí Whippet tẹ́ẹ́rẹ́. Bí orí bá ti kọjá, ọrùn á há. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sórí táìlì, nítorí ẹsẹ̀ gígùn tó ń yọ̀ lórí táìlì ni ìkánsẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ kò nípọn, nítorí náà fóòmù 10 cm tí ẹ fi tapólì wé ni kó máa sùn lé. Èyí tó bá ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì, ìgbúnwọ́ rẹ̀ á dá egbò.

Lóru, ẹ gbé ibùsùn rẹ̀ sítòsí tiyín fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá dìde tó ń yípo tó ń gbóòórùn ilẹ̀, ìtọ̀ ni. Ẹ gbé e jáde, ẹ má tan iná yòò, ẹ má bá a sọ̀rọ̀, kó padà sùn.

Láti Ọ̀fà

Mo fara mọ́ ọn, àfi ọ̀rọ̀ ajá olóṣù mẹ́fà yẹn. Ẹ wádìí ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dáadáa. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí bí ìkẹrìnlá ni ọmọ ajá ń mọ ohun tí kò yẹ kó bà á lẹ́rù. Èyí tí wọ́n tì mọ́ kéèjì ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀rọ ìlọta lásán lè mú un sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa gbé e lọ́wọ́ kiri, kó gbọ́ jẹnẹrétọ̀, kó rí kẹ̀kẹ́ Márúwá, kó rí ọmọ ilé ìwé tó ń pariwo.

Lọ́wọ́ ni mo wí o, kó má fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ níbi tí ajá ìgboro ń dé, títí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ yóò fi pé. Àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin mẹ́rin títí di bí ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń wáyé ní oṣù mẹ́ta, ọdọọdún la sì ń tún un gún. Àrùn parvo ló ń pa ọmọ ajá jù: ó máa ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn gan-an, kò ní fẹnu kan oúnjẹ. Kí ilẹ̀ má ṣú bá a nílé, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Kòkòrò parvo lè wà nílẹ̀ tó ọdún kan, ọṣẹ lásán kì í pa á. Hypo ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n 20, kó wà lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó fi omi ṣàn án. Ẹ má lo Izal níbi tí ajá ń fẹnu lá.

Eégbọn ńkọ́? Ẹ yé fi ọ̀tápíapíà wẹ ajá, mo bẹ yín. Awọ Whippet fẹ́lẹ́, ọ̀rá ara rẹ̀ kéré, májèlé yẹn á wọ inú ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Ẹ gba oògùn eégbọn tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn tàbí èyí tó ń gbé mì, ní ìbámu pẹ̀lú ìwọ̀n kílò rẹ̀. Láràárọ̀ ẹ fọwọ́ wo inú etí, abẹ́ apá àti àárín ìka ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ètè rẹ̀ sókè. Ó yẹ kí erìgì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kó funfun, kó padà pọ́n kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé. Tó bá funfun ṣáá, tí ìtọ̀ sì dúdú bíi sóbò, eégbọn ti kó àrùn sí i lẹ́jẹ̀.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbàgbé: bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ fi ẹnu yín sọ fún dókítà pé Whippet ni. Oògùn oorun bíi thiopental kì í tètè kúrò lára ìran ajá ọdẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yìí, ajá náà lè má jí bọ̀rọ̀. Oògùn mìíràn wà tó bá wọn lára mu. Ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìlọrin wà nítòsí fún ẹni tó bá ń wá ọ̀pọ̀ dókítà lójú kan náà.

Oúnjẹ: ẹ pín in sí mẹ́rin lójúmọ́ títí di oṣù mẹ́ta, mẹ́ta títí di oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà méjì. Kí oúnjẹ ọmọ ajá tó wà nínú àpò jẹ́ ìpín mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹyin, ẹja tàbí ìrẹsì yín ni ìpín kan tó kù. Ẹran nìkan láìsí kálísíọ̀mù ló ń sọ ẹsẹ̀ ọmọ ajá di kọdọrọ. Eegun adìẹ tí wọ́n ti sè, kò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn àlejò á bi yín pé ṣé ẹ ò fún ajá yìí lóúnjẹ ni, torí egungun ìhà mẹ́ta ẹ̀yìn á hàn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Láti Òmù-Àrán

Ẹni tó ń sin adìẹ, ẹ gbọ́. Whippet ń fojú dọdẹ ni, ó sì lè sáré tó 56 km ní wákàtí kan. Aláǹgbá kan bá gbọnrí lórí fẹ́ǹsì, etí rẹ̀ á ti dí, ẹ máa pè títí. Inú ọgbà tó ní fẹ́ǹsì 1.8 m nìkan ni ẹ ti lè tú u sílẹ̀. Orí rẹ̀ kò fẹ̀ ju ọrùn lọ, bẹ́líìtì ọrùn lásán á yọ́ kúrò. Kí oníbàtà rán aláwọ tó fẹ̀ tó 4 cm, tó ní òrùka méjì tó ń fún mọ́ra bí okùn bá fà, tí ìka méjì ṣì lè wọ̀ bó bá fún tán. Fún kíkọ́ pé kó wá bí ẹ bá pè é, ẹ gé wàrà tí kò níyọ̀, tí wọn ò tíì dín, ní wẹ́wẹ́ bí ìdajì èékánná. Súyà kò dára, àlùbọ́sà àti ata ti pọ̀ jù.

Ìrìn rẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó ti pé, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní oṣù kẹta ọdún, ẹ gbẹ́yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì. Bí ẹ ò bá lè fi síbẹ̀ tó ìṣẹ́jú-àáyá méje, ẹsẹ̀ ajá á jó. Nígbà ọyẹ́, súwẹ́tà ọmọdé tí ẹ gé apá rẹ̀ á tó o láàárọ̀.

Láti Òkè-Súnà, Ìlọrin

Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé àwọn ará àdúgbò. Ọmọ Whippet a máa fò mọ́ èèyàn, àwọn tó ń lọ kírun Àsùbáà sì ti ṣe àlùwàlá, jalaabíà funfun ló wà lọ́rùn wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n padà dé kí ẹ tó mú ajá jáde, aago mẹ́fà àbọ̀ dára. Nínú ilé, ẹ ya yàrá ìrun sọ́tọ̀, kí gíéètì kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ ní aṣọ kan tí ẹ ó máa wọ̀ tọ́jú ajá nìkan, kó rọ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Abọ́ omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá abọ́ ilé pàdé níbi tí ẹ ti ń fọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ kọ́ wọn láti jókòó sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e. Ọmọ Whippet tó bá já bọ́ láti orí àga, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ló máa ń kán. Bisikíìtì ṣokoléètì àti ṣíngọ́ọ̀mù aláìníṣúgà, inú àpò ilé ìwé tí wọ́n ti fa sípì rẹ̀ pa ni kí wọ́n máa wà, kí àpò náà sì wà lórí ìkọ́, kí ajá má bàa rí wọn jẹ.