Owó báńkì, gbèsè àti Universal Credit tọkọtaya

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Ìbàdàn. Tọkọtaya kan ní Lọ́ńdọ̀nù: ìyàwó ní £9,000 ní báńkì, ọkọ ní £4,000, wọ́n jẹ gbèsè káàdì £5,000, wọ́n sì nílé ní Mọ́níyà. Èwo ni ìjọba máa kà tí wọ́n bá fẹ́ gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ oṣooṣù tí ìjọba UK ń fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó?

Ìdáhùn 1: Owó àwọn méjèèjì ni wọ́n máa pa pọ̀, £13,000. Wọn ò ní wo £6,000 àkọ́kọ́. Lórí £250 kọ̀ọ̀kan tó bá lé, wọ́n á yọ £4.35 lóṣù nínú owó ìrànwọ́ náà: £121.80 nìyẹn. Tí owó wọn bá kọjá £16,000, kò sí nǹkan kan mọ́.

Ìdáhùn 2: Wọn kì í yọ gbèsè káàdì nínú ìṣirò o. Àmọ́ tí wọ́n bá san án tán, £8,000 ló kù, £34.80 ni wọ́n á máa yọ. Òfin gbà á. Kí wọ́n ṣáà tọ́jú rìsíìtì. Kí wọ́n má kówó pa mọ́ sọ́wọ́ àbúrò ní tiwọn!

Ìdáhùn 3: Ilé Mọ́níyà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Iye tó lè tà lónìí ni wọ́n máa kà mọ́ owó wọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ 10% ìnáwó títà àti gbèsè tí wọ́n fi ilé náà dúró fún. Wọn kì í kà á tó bá jẹ́ òbí wọn tó ti tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ti UK ló ń gbébẹ̀.